"Èmi Ò Mọ Ìṣirò": Kí Gan-an ni Àgbàlagbà Tó Ń Sọ Bẹ́ẹ̀ Kò Mọ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ OECD, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lówó lọ́wọ́, gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Nǹkan bí 160,000 àgbàlagbà ni wọ́n dán wò ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 31, láti ẹni ọdún 16 títí dé ẹni ọdún 65. Wọ́n ní kí wọ́n kàwé, kí wọ́n ṣírò, kí wọ́n yanjú ìṣòro. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mú lọ nínú rẹ̀ ni pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè OECD lápapọ̀, nǹkan bí àgbàlagbà kan nínú mẹ́rin ni kò kọjá ìpele kìíní nínú ìṣirò.

Bí irú ìròyìn yìí bá ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ńṣe ló ń yí padà. Àwọn kan á ní ó ti hàn pé àgbàlagbà kan nínú mẹ́rin kò lè ka owó ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní irọ́ pọ́ńbélé ni, ta ni kò mọ iye tó wà lápò rẹ̀? Èmi tí mo máa ń bá àwọn àgbàlagbà jókòó ti ìṣirò rí i pé apá méjèèjì ló ṣi í gbọ́. Àṣìgbọ́ náà sì ń pa ènìyàn lára, torí ẹni tó bá ti gbà pé òun "ò mọ ìṣirò" kì í wá ibi tó ti ń dun òun mọ́. Ó ti gbà pé gbogbo ara ni.

Kí là ń pè ní ìṣirò ìpìlẹ̀?

Nínú èdè wa, "kà" kan ṣoṣo la fi ń ka ìwé, òun náà la fi ń ka owó. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ kan tí Geoffrey Crowther darí, tó ń ṣe ìròyìn lórí ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, "numeracy", fún ìmọ̀ nọ́ńbà kó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ohun tó wà nínú ìmọ̀ náà kò pọ̀ tó bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe pọ̀. Àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín wà níbẹ̀. Mímọ̀ pé 4 tó wà nínú 40 kì í ṣe ẹgbẹ́ 4 tó wà nínú 400 wà níbẹ̀. Ìdá àti pásẹ́ǹtì, wíwọn nǹkan, kíka aago, kíka tábìlì àti àwòrán tó ní nọ́ńbà, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, tí wọn kì í sábà kọ́ ẹnikẹ́ni, ni fífojú díwọ̀n: kéèyàn wo ìdáhùn kó sì mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu tàbí kò bọ́gbọ́n mu.

Kí ló wá túmọ̀ sí pé ẹnìkan "kò kọjá ìpele kìíní"?

Kò túmọ̀ sí pé kò lè kà. Ẹni tó wà ní ìpele kìíní lè ṣe ìṣirò tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí nọ́ńbà tó fẹ́ lò hàn gbangba níwájú rẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn pàápàá lè ro nọ́ńbà kéékèèké pọ̀, ó sì lè yọ wọ́n kúrò. Ibi tí nǹkan ti ń dojú rú ni ibi tí iṣẹ́ náà ti gba ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹ pé ròpọ̀ tàbí pín.

Ẹ wo ìgò oògùn olómi kan tó gba mìlílítà 100. Wọ́n ní kí aláìsàn máa lo mìlílítà 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ọjọ́ mélòó ni yóò tó o lò? Kò sí nọ́ńbà ńlá níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ rí i pé 15 ló ń lò lójúmọ́, kẹ́ ẹ wá wo iye 15 tó wà nínú 100, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe. Ọjọ́ 6 gbáko ló jẹ́. Mìlílítà 10 ṣẹ́kù, kò sì tó ti ọjọ́ keje. Ẹni tó mọ pínpín dáadáa lè dé ibi àṣẹ́kù yẹn kó dúró, kí ó máa wò ó.

Ṣé ẹni tó kùnà lórí bébà kò lè ṣírò lóòótọ́ ni?

Rárá o, ẹ̀rí tó wà fún èyí sì ti pẹ́. Jean Lave, onímọ̀ nípa ìṣe ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà wọ ilé ìtajà ní California láti wo bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó dínwó jù nínú ọjà méjì. Ìdáhùn wọn tọ̀nà ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ènìyàn kan náà yìí jókòó ṣe ìdánwò ìṣirò lórí bébà, ó sì já sí ìdá 59. Ní Recife ní Brazil, Terezinha Nunes, David Carraher àti Analúcia Schliemann ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1985. Níbi ọjà tí wọ́n ti ń tà, ìdá 98 nínú ìdáhùn wọn ló tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn láìsí ọjà, láìsí oníbàárà, nọ́ńbà lásán, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 37.

Èyí tí n kì í gbàgbé láti inú iṣẹ́ Lave àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n ń díwọ̀n oúnjẹ fún kó lè dín sanra kù. Wọ́n ní kó jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n wàrà dídì tó tọ́ sí i, ìwọ̀n ọ̀hún sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ife. Ọkùnrin náà kùn pé òun ti kọ́ ìṣirò gíga ní yunifásítì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu wàrà kún ife dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó dà á sórí pátákó, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ kó rí roboto, ó fa ìlà àgbélébùú sí i lórí, ó bu ìdá kan kúrò nínú mẹ́rin, ó sì gbé ìyókù. Ìdajì ife gan-an ló jẹ́, ìdáhùn tí bébà ì bá fún un nìyẹn. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan bíírò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bébà bá dé?

Ọpọlọ wa ní àyè kékeré kan tó fi ń gbé nǹkan dání fún ìgbà díẹ̀. Àyè yẹn la fi ń rántí pé "mo gbé 1 sórí" bá a ṣe ń ṣírò lọ. Ní 2001, Mark Ashcraft àti Elizabeth Kirk fi hàn nínú ìwádìí wọn pé ìbẹ̀rù ìṣirò máa ń gba lára àyè yìí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé omi kún inú garawa, tó wá ń fi ọwọ́ kan lé oyin. Omi máa dànù, kì í sì í ṣe torí pé kò lágbára.

Ìdí nìyẹn tí ìdánwò tó ní aago, tó ní máàkì pupa, kì í fi í sọ òtítọ́ nípa àgbàlagbà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ló ń wọ̀n.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó ti ń dun ún gan-an?

Obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ju ọmọ rẹ̀ lọ, Tíṣà ló ń pè mí. Mo kọ 52, mo kọ 37 sábẹ́ rẹ̀, mo ní, "Mà, ẹ bá mi yọ ọ́, kẹ́ ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ ń rò jáde."

Ó ní, "Tíṣà, 7 kò lè jáde nínú 2. Torí náà, màá yọ 2 nínú 7, ó ku 5. 3 nínú 5, ó ku 2. 25 ni."

Mo bo bébà náà. Mo ní, "Ká ní nǹkan 52 wà lọ́wọ́ yín, mà, tẹ́ ẹ wá fi 37 tọrẹ, mélòó ló kù?"

Ó gbójú sókè wo àjà. "15."

Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹnu kan náà mú ìdáhùn méjì jáde. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé ó ń ṣe kátikàti lórí bébà. Òfin kan ló ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀: kékeré ni kó máa jáde nínú ńlá, ibi yòówù kó wà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà èwe rẹ̀, kó má bàa yọ ńlá nínú kékeré. Ká ní máàkì nìkan ni mo fún un, "kò gbà" ni ǹ bá kọ, mi ò sì ní mọ̀ pé òkúta kan ṣoṣo ló yẹ̀ nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní àyẹ̀wò fún akẹ́kọ̀ọ́ àgbà nìyẹn. Ó sún mọ́ ọwọ́ tí dókítà fi ń tẹ inú aláìsàn, tó ń bi í pé "ibí ńkọ́?", ju ìdánwò lọ. Ìbéèrè 10 sí 12 ti tó, kó máa le díẹ̀díẹ̀, láìsí aago. Mo máa ń ní kí ẹni náà kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: "ó dá mi lójú", "ó ń rú mi lójú", tàbí "mi ò rí irú rẹ̀ rí". Ìdáhùn tó tọ̀nà, tí "ó ń rú mi lójú" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó ṣì ọ̀nà, tí "ó dá mi lójú" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí àṣìṣe inú wọn máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mẹ́ta. Bó bá kọ 40003, kò tíì mọ iṣẹ́ tí òdo ń ṣe láti di àyè mú. Ó kọ 4000, ó sì lẹ 3 mọ́ ọn. Ẹ bi í pé èwo ló tóbi jù, 0.4 tàbí 0.35. Bó bá mú 0.35, ó ń wo ẹ̀yìn póìǹtì bíi pé nọ́ńbà odidi ni, tí 35 fi ju 4 lọ. Ẹ ní kó ro ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá ní ìdá méjì nínú méje, ẹ má sọ pé kò gbà. Ẹ bi í bóyá ìdá méjì nínú méje ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kò jù ú lọ. A ro nǹkan mọ́ nǹkan, ó wá kéré sí i. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti rí ìyẹn, ó ti gba nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò lè fi máàkì fún un.

Bí ẹ bá parí, ohun tẹ́ ẹ máa rí yóò rí gbágungbàgun. Ẹnìkan á mọ ìdá bí ẹni mowó, kó má mọ bí a ṣe ń pín. Ẹlòmíràn á máa wọn nǹkan láìṣìnà, ṣùgbọ́n tábìlì ìsọdipúpọ̀ kò yé e. Bí àgbàlagbà ṣe máa ń rí nìyẹn, torí iṣẹ́ àti ìgbé ayé ti kọ́ wọn ní apá kan, wọ́n sì ti fi apá kejì sílẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n padà sí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní.

Kí ni orúkọ nọ́ńbà ní Yorùbá lè ṣe fún wa?

Púpọ̀. Mélòó nínú wa ló ṣì ń fetí sí ohun tí nọ́ńbà wa ń sọ? Bẹ́ ẹ bá pe 37, mẹ́tàdínlógójì lẹ pè, ìyẹn 40 tó dín 3. Ẹ padà sí 52 tí a fẹ́ yọ 37 nínú rẹ̀. Ẹ yọ ogójì, ó ku 12. Ẹ ti yọ ọ́ lé 3, ẹ dá 3 padà, ó di 15. Orúkọ nọ́ńbà náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bi obìnrin yẹn bó ṣe rí 15 lórí àjà, ohun tó sọ gan-an nìyẹn: "Mo kọ́kọ́ yọ ogójì."

Ẹ wo òmíràn. 48 àti 39, ẹ rò ó pọ̀. Méjìdínláàádọ́ta àti mọ́kàndínlógójì. Àádọ́ta àti ogójì jẹ́ àádọ́rùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ dín 2, ẹnìkejì dín 1, ó dín 3. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 87. Ìdáhùn náà ti wà lẹ́nu yín ní Yorùbá kẹ́ ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti lè dẹ okùn. Orúkọ 45 ní Yorùbá ń pe àádọ́ta, 4 ló sì wà níwájú nígbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń ronú ní Yorùbá, tó sì ń kọ ohun tó gbọ́, lè kọ 5 síwájú. Nítorí náà, mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo orúkọ Yorùbá fún ìṣirò orí, kó sì tún kọ́ ipò nọ́ńbà lọ́tọ̀ fún ti bébà, pẹ̀lú ọ̀pá kéékèèké tí a dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kó tú ìdì kan nígbà tí 2 ò bá tó yọ 7 nínú rẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ tú u lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún, òfin "kékeré nínú ńlá" á kúrò lọ́kàn rẹ̀, torí ó ti rí ibi tí mẹ́wàá náà ti wá.

Ìdá àti pásẹ́ǹtì ńkọ́?

Fún ìdá, ẹ mú bébà gígùn kan. Ẹ pa á po sọ́nà mẹ́ta, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ tún pa á po sọ́nà mẹ́rin ní ìbú. Yàrá 12 ló wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ yàrá 4, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ yàrá 3, àpapọ̀ wọn jẹ́ 7 nínú 12. Ẹ ò tíì sọ òfin kankan.

Fún pásẹ́ǹtì, ẹ di ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún mú, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ná. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ti 80 jẹ́ 8. Ìdá 5 jẹ́ ìdajì ìyẹn, 4. Nítorí náà, ìdá 15 jẹ́ 12. Ohun kan tún wà tó máa ń mú inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn: nọ́ńbà méjèèjì nínú pásẹ́ǹtì ṣeé pààrọ̀ ipò. Pásẹ́ǹtì 4 ti 75 le láti ronú lé, àmọ́ pásẹ́ǹtì 75 ti 4 ló jẹ́, ìyẹn 3.

Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó máa ń tan gbogbo wa jẹ. Nǹkan 100 tó lé ní pásẹ́ǹtì 10 di 110. Bó bá tún fi pásẹ́ǹtì 10 dín kù, kò padà sí 100. 99 ló máa jẹ́, torí pásẹ́ǹtì 10 tó kẹ́yìn, ti 110 ni.

Ìgbà mélòó ló yẹ kéèyàn máa kọ́ ọ?

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ dára ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí Hermann Ebbinghaus ti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìrántí jáde ní 1885 la ti mọ̀ pé ohun tí a pín kọ́ láàárín ọjọ́ púpọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju èyí tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan gbàà lọ. Kó má jẹ́ oríṣi ìṣirò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ pa á pọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa yan ohun tó yẹ kó ṣe fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìṣirò ńkọ́? Kó lò ó, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fojú díwọ̀n. Ẹni tó ti sọ pé "ó yẹ kó tó nǹkan bí 600" máa mọ̀ nígbà tí ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ òdo kan kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ńkọ́?

Ẹ má ṣe sọ pé "ó rọrùn". Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti sọ fún un pé ohun tó rọrùn ló kọjá agbára rẹ̀. Ẹ má gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa bi í pé "báwo lẹ ṣe ṣe é?" nígbà tó bá tọ̀nà bí ẹ ṣe ń bi í nígbà tó bá ṣì í, torí bó bá jẹ́ ìgbà àṣìṣe nìkan lẹ̀ ń béèrè, á ti mọ̀ pé òun ti kùnà kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ sì fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láyè. Ìyẹn ló le jù fún èmi.

Àwọn díẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ń jẹ́ ẹni tó ní dyscalculia: láti kékeré ni nọ́ńbà kì í dúró lójú kan fún wọn, ó ṣòro fún wọn láti mọ èyí tó pọ̀ nínú nọ́ńbà méjì tàbí láti ka aago, ẹ̀kọ́ tó dára kì í sì í mú un kúrò bọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìgbọ́n. Irú wọn nílò onímọ̀ nípa ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ tó máa yẹ̀ wọ́n wò dáadáa.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fún un ní 81, kó yọ 46. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mẹ́rìndínláàádọ́ta." Ó dákẹ́. "Ó ku 31, mo dá 4 padà, 35." Ó wá mú bíírò, ó ṣe é lórí bébà, ó tú mẹ́wàá kan nínú 8, ó tún bọ́ sí 35. Ló bá ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn dé ojú ìwé àkọ́kọ́, ibi tó kọ 25 sí, ó fagi lé e fúnra rẹ̀, ó sì kọ 15 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.